Word yín hang? Ẹ má tíì pa á o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ project lọ́wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ iṣẹ́ fún èèyàn, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́. Ní Under G níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń ṣe business centre, tí àsìkò project bá ti dé, àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH á máa sáré wọlé wá bá mi, láptọ́ọ̀pù á wà ní ìgbáàyà, ojú á ti pọ́n, wọ́n á ní Word táwọn fi ń tẹ iṣẹ́ hang, ìyẹn ni pé ó dúró gbagidi tí ò dáhùn mọ́, àwọn dẹ̀ ti fi bọ́tìnì pa á, nígbà táwọn tàn án padà, chapter four ò sí ńbẹ̀ mọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, Word yẹn ò tíì kú rárá.

Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi nìyí: tí áàpù bá dákẹ́, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń dúró dè kẹ́ ẹ tó pa á. Tẹ́ ẹ bá rí i tójú window ṣá, tí wọ́n kọ Not Responding sókè, ohun tí Windows tó ń darí kọ̀ǹpútà ń sọ ò ju pé ó ti tó bíi sẹ́kọ́ńdì 5 tóun ti ń pe áàpù yìí tí ò dá òun lóhùn. Ẹni tẹ́ ẹ kanlẹ̀kùn fún tí ò dáhùn, ó lè máa kírun lọ́wọ́. Nítorí náà ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí mouse. Àwọn míì á máa tẹ̀ ẹ́ wàràwàrà, tí áàpù bá wá jí, gbogbo títẹ̀ yẹn náà ló lè wá ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi lè pa nǹkan tẹ́ ò ní lọ́kàn rẹ́.

Ẹ wò ó bóyá àmì mouse ṣì ń rìn. Ẹ tẹ Caps Lock, tí iná ẹ̀ bá ń tàn tó ń kú, kọ̀ǹpútà wà láàyè, áàpù yẹn nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Láptọ́ọ̀pù míì dẹ̀ ní iná kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tíyẹn bá ń ṣẹ́jú pìpìpì, hard disk ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ẹ ní sùúrù fún un.

Ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á yọ, ibẹ̀ lẹ ti máa rí gbogbo áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ibi Memory àti Disk lẹ máa kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tọ́wọ́ wa ń tẹ̀ jẹ́ tòkúnbọ̀, RAM ẹ̀ (Memory yẹn náà ni, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó ohun tó ń lò lọ́wọ́ sí) 4GB, hard disk ẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́ tó máa ń yí, bẹ́ẹ̀ Chrome ti gba gbogbo RAM tán nítorí tab rẹpẹtẹ tẹ́ ẹ ṣí sílẹ̀ pé ẹ ṣì máa kà á, ni Windows bá ń kó nǹkan láti inú RAM lọ sórí hard disk, hard disk ò dẹ̀ lè yára bíi RAM láéláé, Disk á wá fò lọ sí 100%, gbogbo nǹkan á dúró gbagidi. Chrome ni kẹ́ ẹ tì nígbà yẹn o, ẹ fi Word sílẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, Word á dáhùn.

Ọ̀rọ̀ printer ni àwọn èèyàn ò sábà rò sí. Ọmọbìnrin kan wọlé lọ́jọ́ kan, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ gbà mí, mo kàn ní kí n lọ síbi Print ni, ó bá dákẹ́.” Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí bọ́tìnì. Mo ní, “Àbúrò, gbọ́wọ́ ńbẹ̀ ná. Níbo lo ti print gbẹ̀yìn?” Ó ní ọ́fíìsì tóun ti lọ kọ́ṣẹ́ IT ni. Àṣé printer ọ́fíìsì yẹn ló ṣì jẹ́ default, ìyẹn printer tí láptọ́ọ̀pù ẹ̀ máa ń kọ́kọ́ wá, Word ń wá printer tó wà nílùú míì kiri. A ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo fún un ní pure water, mo ní kó jókòó. Nígbà tó yá Word fúnra ẹ̀ jí, kíá la save. A wá lọ sí Settings, níbi Printers & scanners, a pa Let Windows manage my default printer, a sì fi Microsoft Print to PDF ṣe default. Bó ṣe bọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin náà lè rí ohun tí áàpù ń dúró dè. Nínú Task Manager, ẹ lọ sí Details, ẹ fi right click tẹ orúkọ áàpù náà, ẹ yan Analyze wait chain. Tó bá jẹ́ pé nǹkan míì ló dá a dúró, ẹ máa rí i ńbẹ̀. Tó bá jẹ́ Word níbi printing, ó lè jẹ́ splwow64 lẹ máa rí, ìyẹn áàpù kékeré tí Windows fi ń bá printer sọ̀rọ̀, ẹ fòpin sí ìyẹn, Word lè máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé iṣẹ́ yín sọnù.

Tẹ́ ẹ bá dúró dúró, tí Disk àti CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) ò ṣe nǹkan kan nínú Task Manager, tí ò jí, ó ti kú nìyẹn. Kẹ́ ẹ tó tẹ End task, ẹ gbé fóònù, ẹ ya fọ́tò ohun tó wà lójú screen, torí paragraph tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ tán ló máa kọ́kọ́ lọ. Àwọn oníbàárà mi ti ń ṣe é báyìí láìjẹ́ pé mo rán wọn létí. Tẹ́ ẹ bá tún Word ṣí, Document Recovery á yọ lápá òsì, ẹ má tì í o, ẹ ṣí ohun tó wà ńbẹ̀, ẹ Save As pẹ̀lú orúkọ tuntun. Tí kò bá yọ, tẹ́ ò sì tíì save iṣẹ́ náà rí, ẹ lọ sí File, Info, Manage Document, Recover Unsaved Documents. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá ni Word máa ń tọ́jú nǹkan fúnra ẹ̀ bí wọ́n ṣe ṣe é wá, ẹ lọ sí File, Options, Save, ẹ sọ ọ́ di 2. Lónìí yìí ni kẹ́ ẹ ṣe é.

Tó bá jẹ́ gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ṣí Word ló ń hang, ẹ di Ctrl mú bẹ́ ẹ ṣe ń ṣí i, á bi yín bóyá kó ṣí ní safe mode. Tó bá dáa níbẹ̀, add-in kan, ìyẹn áàpù kékeré tí wọ́n so mọ́ Word, ló ń fà á, ẹ wá a ní File, Options, Add-ins. Tó bá jẹ́ ojú screen ló dúdú, ẹ tẹ Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀. Àwọn tó ń lo Mac, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pa áàpù tó ti kú, Option, Command àti Esc ni tiyín. Bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa kọ̀ǹpútà, tẹ́ ẹ máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn, ìgbà tí Caps Lock pàápàá ò bá dáhùn mọ́ ni.

Tí láptọ́ọ̀pù bá wá ń hang láti òwúrọ̀ dalẹ́, tó jẹ́ hard disk ló wà nínú ẹ̀, SSD, ìyẹn disk ìgbàlódé tí kì í yí, ni kẹ́ ẹ fowó rà. Ó máa yà yín lẹ́nu bó ṣe máa yára. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́ nínú hard disk, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kẹ́ ẹ format, ìyẹn kẹ́ ẹ pa gbogbo ohun inú ẹ̀ rẹ́, kì báà ṣe engineer tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Takie níbí. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín jáde, project ni kó ṣíwájú, kó wà lórí flash, kó tún wà lórí Google Drive, kẹ́ ẹ tó fi láptọ́ọ̀pù yẹn lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.