Ohun tí ìràwọ̀ kan ṣoṣo ṣe fún ọjà àdìrẹ mi

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ta àdìrẹ lórí ayélujára láti ilé mi ní Ìbàdàn. Abẹ́òkúta ni mo ti ń kó ọjà, ní Ìtòkú, lọ́wọ́ ìyá aláró kan tí ìyá mi ti ń bá ra aṣọ kí wọ́n tó bí mi. Bí mo bá kó wọn dé, mo máa ń ya àwòrán wọn, mo máa ń ká wọn sínú ọ̀rá, mo sì máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tí n kò fojú kàn rí. Mo fẹ́ sọ bí ìràwọ̀ kan ṣoṣo tí olùrà kan fún mi, nínú márùn-ún tí olùrà lè fi díwọ̀n òǹtajà lórí ìkànnì, ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò lọ́jà, nítorí mo rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló rò pé bí ọjà ẹni bá ti dára, ó parí.

Oṣù kẹta mi lórí ìkànnì kan nìyẹn, ìkànnì tí n kò ní dárúkọ. Mo ti ta aṣọ tó lé ní ọgọ́ta, ṣùgbọ́n ẹni mọ́kànlá péré ló padà wá kọ nǹkan sábẹ́ ọjà mi, nítorí ẹni tí inú rẹ̀ dùn kì í sábà rántí pé òun yóò kọ̀wé. Gbogbo àwọn mọ́kànlá náà ló fún mi ní ìràwọ̀ 5. Ẹnì kejìlá ni obìnrin kan ní Port Harcourt, tó fún mi ní 1. Ìkànnì náà ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó pín in, 5 tí mo ti ń yangàn rẹ̀ sì di 4.67. Bí irú ìràwọ̀ 1 bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sára òǹtajà tí ẹni 400 ti fún ní 5, 4.99 ni yóò kù sí lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fura. Mo fi ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù mi wò ó pé kí n tó lè padà dé 4.8, mo nílò ìràwọ̀ 5 mẹ́jọ sí i láìsí àbùkù kankan láàárín. Bí ẹnì kan bá ń kọ̀wé nínú nǹkan bí mẹ́fà tó ń rajà, èyí túmọ̀ sí pé mo gbọ́dọ̀ ta nǹkan bí aṣọ méjìdínláàádọ́ta. Bẹ́ẹ̀ sì ni níbi tí mo ti ń ta mẹ́fà lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, méjì ni mo tà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí ẹni tó bá ní kí ìkànnì náà kọ́kọ́ fi àwọn tí ìràwọ̀ wọn pọ̀ jù han òun kò ní dé ọ̀dọ̀ mi kó tó ra tẹlòmíràn.

Olùrà náà fi àwòrán síbẹ̀. Aṣọ funfun tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ni, aró sì ti tàn káàkiri lára rẹ̀ bí àwòrán ilẹ̀ orílẹ̀-èdè kan tí ẹnìkan kò mọ̀. Ohun tó kọ kò gùn: “Ó ba aṣọ ilé mi jẹ́. Ẹ má rà á.” Inú bí mi gan-an. Ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́, mo ti kọ èsì tó kún ojú fóònù, mo ń bi í pé ta ló ní kó fọ àdìrẹ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun. Àbúrò mi ọkùnrin ló kà á, tó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó fi ránṣẹ́.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú ọ̀kan lára àwọn àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi ìko dì kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, tí mo kó pẹ̀lú tirẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, mo rẹ ẹ́ sínú bésíìnì funfun. Omi àkọ́kọ́ dúdú bí ìkòkò aró fúnra rẹ̀. Mo dà á nù, mo bu òmíràn. Ìkejì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ìgbà tó di omi karùn-ún ni mo tó rí ìsàlẹ̀ bésíìnì, èékánná mi sì ti di búlúù títí dé ọjọ́ Àìkú. Mo lọ wo ohun tí èmi fúnra mi kọ sábẹ́ àwòrán aṣọ náà lórí ìkànnì: “Àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣí láéláé.” N kò gbìyànjú rẹ̀ wò rí. Mo kọ ọ́ nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo òǹtajà yòókù ń kọ ọ́.

Mo pe ìyá aláró ní Ìtòkú.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àwọn oníko tí mo kó lóṣù tó kọjá, aró wọn ń jáde.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Kí lo fẹ́ kó máa jáde lára aṣọ aró? Ṣé o sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́, kí wọ́n fọ òun nìkan lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin?”

“Mi ò sọ, mà.”

“Àwọn tó ń rà á níbí mọ̀, ọmọ mi. Ta ni yóò wá sọ fún ẹni tí kò dé ibí?”

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ mélòó kan. Ní Ìtòkú, olùrà lè fọwọ́ pa aṣọ, ó lè ná an, ó lè bi aláró ní ohun tó bá fẹ́, bí aṣọ bá sì dójú tì í, ó lè padà wá jà, kí àwọn tó wà ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ gbọ́, kí wọ́n parí rẹ̀ níbẹ̀. Olùrà tèmi ní Port Harcourt kò ní ìkankan nínú èyí. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ tí mo kọ nìkan ló ní kó tó sanwó, ìràwọ̀ nìkan ló sì ní lẹ́yìn tó ti sanwó.

Èsì tí mo padà kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ: pé òótọ́ ni wọ́n sọ, pé mo kọ ohun tí n kò dán wò, pé mo ti dá owó padà. ₦18,500 ni owó aṣọ náà. Mo fi ₦9,000 kún un fún aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ó dùn mí lápò, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò yí ìràwọ̀ náà padà, n kò sì bẹ̀ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni mo tún ọ̀rọ̀ abẹ́ gbogbo àwòrán mi kọ, tí mo sì gbé ìkìlọ̀ aró síwájú iye owó.

Ìgbà tí mo ń ka ìtàn bí olùrà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í díwọ̀n òǹtajà lórí ayélujára ni mo tó mọ̀ pé n kò jẹ́ kí àbúrò mi gba ìyìn tó tọ́ sí i. Pierre Omidyar dá ọjà orí ayélujára tí a mọ̀ sí eBay sílẹ̀ ní Kalifọ́níà lọ́dún 1995, nígbà tó sì di 1996, ó fi àyè sílẹ̀ kí olùrà àti òǹtajà máa sọ ohun tí ojú wọn rí lọ́dọ̀ ara wọn. Òǹtajà lè sọ̀rọ̀ olùrà láìdáa nígbà náà, ọ̀pọ̀ olùrà sì ń gbé ẹ̀dùn ọkàn wọn mì nítorí ìbẹ̀rù pé òǹtajà yóò gbẹ̀san. Lọ́dún 2008, eBay gba ohun ìjà yẹn lọ́wọ́ òǹtajà; láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ rere nìkan ló lè kọ nípa olùrà. Ká ní irú ohun ìjà bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ǹ bá ti lò ó fún obìnrin tí kò ṣẹ̀ mí.

Lọ́dún 2006, Paul Resnick, Richard Zeckhauser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ta àwọn káàdì ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ tó jọra lórí eBay, àwọn kan lórúkọ òǹtajà tí àwọn olùrà ti ń yìn tipẹ́, àwọn kan lórúkọ tuntun, bẹ́ẹ̀ òǹtajà kan náà ló ni gbogbo rẹ̀. Àwọn olùrà fi nǹkan bí ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó fún orúkọ tó ti pẹ́. Wọ́n tún rí i pé àbùkù kan tàbí méjì lára òǹtajà tuntun kò dín iye tí olùrà ń san kù. Ibí yìí ni ọjà tèmi ti yàtọ̀ sí tiwọn: ọjà gbàǹjo ni tiwọn, ẹni tó ń wá káàdì sì ti rí i, ní tèmi, àdìrẹ náà gan-an ni wọn kò rí mọ́.

Láàárín ìgbà tí mo ń ka ìràwọ̀ mẹ́jọ náà níkọ̀ọ̀kan, ọmọkùnrin kan kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp pé òun yóò ta ìràwọ̀ 5 ogún fún mi ní ₦10,000. Mo ṣírò rẹ̀, n kò ní parọ́. Ohun tó dá mi dúró ni pé ìràwọ̀ tí a rà kò fọ aró kúrò lára aṣọ, àti pé bí ìkànnì bá rí i, ó lè ti ìsọ̀ ẹni pa pátápátá. Àní Amazon ti fòfin de pípín ọjà lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí àtigba ọ̀rọ̀ rere láti ọdún 2016. Èyí mú mi rántí èènì tí mo máa ń fi sínú ọ̀rá, aṣọ ìnujú kékeré kan, pẹ̀lú káàdì tó ní kí wọ́n fún mi ní ìràwọ̀ 5. Mo yọ káàdì náà. Èènì ṣì wà níbẹ̀; ìyá mi kò béèrè nǹkan kan rí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bu èènì fún. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá, mo máa ń kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí gbogbo ẹni tó ra ọjà, ìbáà jẹ́ ẹni tó yìn mí tàbí ẹni tó kùn, pé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí.

Ẹ̀bi ẹni tó ń gbé ẹrù lọ náà wà níbẹ̀, olùrà kì í sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀bi wa. Ọjọ́ márùn-ún ni mo ń kọ báyìí níbi tí ọjọ́ mẹ́ta ti máa ń tó, mo sì ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹrù bá kúrò ní Ìbàdàn. Ní ti olùrà tó bá ní kí a dá ìdajì owó padà tàbí kí òun fún wa ní 1, kí ẹ má ṣe tẹ̀ lé e lọ sórí WhatsApp. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọ̀rọ̀ yín wà nínú ìkànnì níbi tí àwọn tó ni ín ti lè kà á. Ẹ̀ẹ̀kan ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, wọ́n kà á, wọ́n sì yọ ìràwọ̀ náà kúrò.

Ti Port Harcourt ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ ni mo fi kó ìràwọ̀ mẹ́jọ náà jọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó ilé kan ní Àkúrẹ́ kọ̀wé sí mi pé òun ti rí aṣọ funfun tó bàjẹ́ yẹn, òun sì ti ka èsì mi, pé omi mélòó ni kí òun fi ṣan tòun kí òun tó fi rán búbà. Mo sọ fún un pé márùn-ún.