A Dúpẹ́ Lórí Bàbá Wa Ọmọ Ogun, àti Lórí Gbogbo Ọwọ́ Tó Gbé Wọn Ró

Ẹ bá wa gbé Ọlọ́run ga. Bàbá wa tí wọ́n fi èwe àti àgbà ṣiṣẹ́ ológun ti fẹ̀yìntì, wọ́n sì wà láàyè. Ojú ogun gba ẹsẹ̀ òsì wọn nísàlẹ̀ orúnkún, kò rí ẹ̀mí wọn gbà. A ò ní ròyìn ọjọ́ náà, nítorí àwọn fúnra wọn ló ni ìròyìn yẹn. Àwọn nǹkan tí Ọlọ́run lò láti dá wọn sí la fẹ́ dúpẹ́ lé lórí, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe rí gan-an, kí ìdílé ọmọ ogun mìíràn tó wà nínú irú rẹ̀ lè rí nǹkan mú lò níbẹ̀.

Tọ́nikẹ́ẹ̀tì ni àkọ́kọ́, bẹ́líìtì fífẹ̀ tó ní ọ̀pá kékeré tí à ń lọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá já lẹ́sẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni èèyàn ní. Ọmọ ogun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 7 lókè ojú ọgbẹ́ ni à ń so ó sí, a kì í so ó mọ́ oríkèé, a ó sì máa lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dá pátápátá. Ìrora rẹ̀ pọ̀ gan-an, ẹni tí a so ó mọ́ lè máa bẹ̀bẹ̀ pé ká tú u, ṣùgbọ́n àánú irú ìgbà bẹ́ẹ̀ a máa pani. Bí a bá ń dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni à ń dà nù. Bí ọ̀kan kò bá ká a, èkejì ni à ń so sókè rẹ̀. Okùn tín-ín-rín kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ẹran ló ń gé, kì í tẹ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ pa. Ó tún yẹ ká kọ aago tí a so ó sílẹ̀, torí bó bá ti kọjá wákàtí 2, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú, dókítà sì gbọ́dọ̀ mọ̀. Ọmọ ogun tó rántí gbogbo èyí nígbà tí ìbọn ń dún, kí iná ilé rẹ̀ má kùú láé.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa bí a ṣe ń di kùkùté ẹsẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kùkùté a máa wú, bí wíwú náà kò bá sì fà, kò sí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tó máa wọ̀ ọ́. Báńdéèjì tó ń nà ni à ń lò. A kì í yí i po gbirigbiri bí ẹni di ẹrù, ṣe ni à ń gbé e kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ̀ bíi nọ́ńbà 8, kó le jù lọ ní orí kùkùté, kó máa dẹ̀ bó ṣe ń gòkè, kó sì kọjá orúnkún. Bó bá le lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, omi á há sí orí kùkùté, á wú rọ̀bọ̀tọ̀, ojú ọgbẹ́ kò sì ní jinná dáadáa. Láàárín wákàtí 4 sí 6 ni à ń tú u tí a ń tún un dì, àti nígbàkúùgbà tó bá ti yẹ̀.

Ìfẹ́ ló ń mú kí ará ilé ki ìrọ̀rí bọ abẹ́ orúnkún ẹni tí a gé lẹ́sẹ̀. Ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Orúnkún tó bá wà ní kíká fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, iṣan ẹ̀yìn rẹ̀ á súnkì, kò ní lè nà tán mọ́, kò sì sí bí onítọ̀hún ṣe máa dúró ṣánṣán lórí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti abẹ́ ìjókòó àga yọ síwájú ni kùkùté yẹ kó sinmi lé bó bá jókòó, kí orúnkún lè wà ní nínà. Kó sì máa dojúbolẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kí iwájú ìbàdí má bàa le.

Ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ lè máa dunni. Ambroise Paré, oníṣẹ́ abẹ àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Faransé, ti kọ nípa rẹ̀ láti ọ̀rúndún 16. Silas Weir Mitchell, dókítà tó tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ló fún ìrírí náà lórúkọ ní ọdún 1871. Nítorí náà, bí ọmọ ogun bá ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó ti lọ ń ta òun, orí rẹ̀ pé. Oògùn ara ríro lásán kì í sábà ká a. Oògùn tó ń mú iṣan ìmọ̀lára rọlẹ̀ ni dókítà ń fún wọn. Ohun tó ràn bàbá wa lọ́wọ́ jù lọ ni dígí. A ó gbé dígí gígùn sáàárín ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ojú rẹ̀ kọ sí ẹsẹ̀ tó kù, kí kùkùté wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n á tẹjú mọ́ dígí, wọ́n á máa rọra ká ọmọ ìka ẹsẹ̀, wọ́n á máa nà án, wọ́n á sì gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ tí kò sí ṣe bákan náà, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ojú á gba ọpọlọ níyànjú. Òòyì a máa kọ́ àwọn kan, àwọn mìíràn a máa sunkún lákọ̀ọ́kọ́. Ká fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ yẹn. Kò gba gbogbo èèyàn, ìdí nìyẹn tí a fi ń dúpẹ́ pé ó gbà wọ́n.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá dé, gbogbo ilé yọ̀. Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìṣẹ́jú 30 tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ká bọ́ ọ, ká wo awọ ara yí ká, ká fi dígí ọwọ́ wo ẹ̀yìn. Pípọ́n tó bá lọ láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 15 kò burú. Èyí tó bá ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tàbí tó ti fẹ́ léròrò, ẹni tó ṣe ẹsẹ̀ náà ni ká gbé e padà lọ bá, torí ọgbẹ́ kékeré níbẹ̀ lè dá èèyàn jókòó fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ìbọ̀sẹ̀ kùkùté ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Kùkùté àárọ̀ kọ́ ni kùkùté ìrọ̀lẹ́; ó ń fà bí ọjọ́ ṣe ń lọ. Bí orí kùkùté bá ń dunni, ó ti rì jù nínú ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, ká fi ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ kan kún un. Bí kò bá wọlé tán, ìbọ̀sẹ̀ ti pọ̀ jù. Bá a bá ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ jọ lérí ara wọn kó tó dúró, ihò ẹsẹ̀ náà ló ti tóbi, òun la máa tún ṣe. Bí ara bá sanra tàbí tó rù, kì í bá a mu mọ́. Ìbọ̀sẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wé, ojú rírán rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ sí ara. Alẹ́ ni à ń fọ kùkùté, torí awọ tó tutù láàárọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ inú ẹsẹ̀, a sì máa bó. Ká má fi ìpara sí i kí a tó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin tó fẹ́ ra bàtà fún irú wọn, ẹ kọ́kọ́ wọn gíga gìgísẹ̀ èyí tí wọ́n ń wọ̀: gíga yẹn ni a fi to ẹsẹ̀ náà, bàtà tó bá ga jù á máa tì wọ́n síwájú.

Òru ni a dúpẹ́ lé lórí jù. Ẹni tó bá ta jí lójú oorun lè gbàgbé pé ẹsẹ̀ kan ti lọ, kó sì dìde. Ọ̀pọ̀ ń ṣubú lórí kùkùté báyìí, ọgbẹ́ a sì tú. Iná kékeré á máa wà ní títàn, ọ̀pá ìtìlẹ̀ á wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o, kò ní sí nǹkan kan nílẹ̀ láti ibùsùn dé ilé ìtura.

Àlá ogun náà wà. Ọdún 1980 ni àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà fi àìsàn tí ìpayà ń fà yìí sínú ìwé àìsàn wọn, ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ọmọ ogun ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìyá wa kì í jí wọn pẹ̀lú ọwọ́, torí ọwọ́ tó bá kàn wọ́n lójú àlá, ọwọ́ ọ̀tá ni lójú wọn. Ìyá á dúró níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, wọ́n á pe orúkọ wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, wọ́n á sọ ibi tí wọ́n wà fún wọn, wọ́n á tan iná. Ọtí tí àwọn kan ń mu kí wọ́n lè sùn, òun náà ló ń tú oorun ká. Ìjókòó ọ̀rọ̀ sísọ lọ́dọ̀ onímọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ ló mú kí àlá náà dín kù. Ìyá wa, Ọlọ́run tó rí yín lóru wọ̀nyẹn ni kó san án fún yín.

A dúpẹ́ lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún tó ń ru ẹrù méjì, tí a sì ń yẹ̀ wò lójoojúmọ́. A dúpẹ́ pé ìwé kò sọnù: nọ́ńbà iṣẹ́ ológun, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé ilé ìwòsàn tó sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti fara gbọgbẹ́, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì wà lọ́dọ̀ ọmọ tó ń gbé níbòmíràn. Bí kò bá sí ìwé tó so ọgbẹ́ mọ́ iṣẹ́, ẹ̀tọ́ a máa bọ́. Ẹ̀yin akọ̀wé tó kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, tí ẹ kò dá a dúró di ọ̀la, ẹ ṣeun, ẹ kú iṣẹ́, Olúwa yóò rántí yín.