Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára fíìmù Pasamalar: ẹ fi ẹnu ara yín bá ọmọ ìyá yín sọ̀rọ̀

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò nílé tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró gbọ́. Inú mi ò tíì rọ̀ tán. Bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ẹ bá mi fara mọ́ ọn.

Ọmọ Tamil kan (ẹ̀yà kan ní gúúsù Íńdíà) tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní East Ham, ní London, ló ní kí n lọ wo Pasamalar. Mo ní fíìmù Íńdíà wo ni mi ò tíì wò láti kékeré? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ti Bombay ni gbogbo èyí tí mo mọ̀ yẹn, pé Madras ni wọ́n ti ṣe tiwọn, lọ́dún 1961, èyí tó jẹ́ pé dúdú àti funfun nìkan ni àwọ̀ rẹ̀. Ó ní títí dòní, tí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin àti àbúrò obìnrin bá fẹ́ràn ara wọn jù, orúkọ fíìmù yẹn làwọn èèyàn wọn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọn.

Mo wò ó lóru. Ẹkún mi ló jí ọkọ mi, ó ń bi mí ta ló kú.

Ọmọ òrukàn ni Raju àti Radha. Sivaji Ganesan ló ṣe ẹ̀gbọ́n, Savitri ló ṣe àbúrò. Nígbà tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, àbúrò kó owó tó ti ń tọ́jú nídìí ohun ìṣeré ọmọdé tó ń ṣe nílé jáde, ó ní kó fi ṣòwò. Ẹ̀gbọ́n là, ó sì padà lọ ra ilé iṣẹ́ tó ti ń ṣe lébìrà.

Ẹ ò rí i pé ìtàn tèmi nìyẹn? Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni wọ́n ti dá ẹ̀gbọ́n mi dúró. Irun ni mò ń dì nígbà yẹn. Bí mo ṣe kó àjọ, ọwọ́ rẹ̀ ni mo kó o lé, ó fi ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé ìwé, àlòkù. Mi ò bèèrè owó yẹn rí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mi ò bèèrè rẹ̀ rí! Torí ohun tí wọ́n lọ bá a sọ gan-an nìyẹn, pé mo ń sọ kiri ní London pé èmi ni mo sọ ọ́ dèèyàn.

Ta ló sọ ọ́? Ìbátan ìyàwó rẹ̀ kan tó wá “sinmi díẹ̀” lọ́dọ̀ wọn, tí kò lọ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ irú wọn. Nínú fíìmù, àǹtí ọkọ Radha ni; Anand lorúkọ ọkọ náà. Gemini Ganesan ló ṣe Anand, òun náà sì lọkọ Savitri ní tòótọ́. Anand kì í ṣe èèyàn burúkú o, ìyàwó Raju náà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹtí yẹn ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ẹnu dé ẹnu títí ilé fi tú.

Nígbà tí mo délé lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Mo kan géètì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, èyí tó jẹ́ pé orúkọ tí mo sọ ọ́ ló ń jẹ́, sáré jáde. Ó yọjú láti abẹ́ géètì, ó ní, “Àǹtí, dádì ní kí n sọ pé àwọn ò sí nílé.” Mo gbọ́ ikọ́ ẹ̀gbọ́n mi nínú páálọ̀. Orí ẹní kan la jọ sùn dàgbà, ta ló máa fi ikọ́ yẹn tàn mí? Mo ra bàtà fún ọmọ náà, àmọ́ páálí rẹ̀ ò gba abẹ́ géètì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo tì í wọlé. Ọmọ náà ní, “Ẹ ṣé, Àǹtí,” ó tún wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ẹ máa lọ o, wọ́n á nà mí.” Àwọn aládùúgbò ń wò mí. Obìnrin tó ń ta gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ gbé àpótí fún mi kí n jókòó.

Ẹ wá ro bó ṣe rí lára mi nígbà tí mo débi orin nínú fíìmù yẹn. Kálukú ti wà nílé tiẹ̀, wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n ń rẹ ọmọ tiẹ̀, àbúrò ń rẹ tiẹ̀, orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Ohùn àwọn akọrin méjì, T. M. Soundararajan àti P. Susheela, ni wọ́n fi sí àwọn òṣèré lẹ́nu. Láàárín àwọn Tamil, arákùnrin ìyá kì í ṣe èèyàn yẹpẹrẹ: itan rẹ̀ lọmọ ń jókòó sí tí wọ́n bá fẹ́ lu etí rẹ̀. Àṣà wọn tiẹ̀ gbà kí ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkùnrin fẹ́ ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Èèwọ̀ nìyẹn lọ́dọ̀ tiwa, ẹ fò ó.

Ní ìparí, ẹ̀gbọ́n fọ́jú, àwọn méjèèjì sì kú pa pọ̀, ọwọ́ nínú ọwọ́. Mo bi ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pé kí ló dé tí wọn ò pe ara wọn? Ó ní fíìmù ì bá tètè parí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé e. Mo ní, “Bọ̀dá mi, ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi?” Ó dákẹ́, ó ní rárá. A sunkún, a rẹ́rìn-ín, ó parí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, àkọ́kọ́, ẹ pè é fúnra yín. Ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, ẹ má rán pásítọ̀. Èkejì, owó tẹ́ ẹ bá fún ọmọ ìyá, ẹ má ṣírò rẹ̀ létí ẹnikẹ́ni (èmi ò kúkú ṣe bẹ́ẹ̀). Ẹ̀kẹta, ẹ má kórìíra aya tàbí ọkọ rẹ̀, ẹ wá ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹrin, àkọ́kọ́ náà ni: ẹ pè é! Olófòófó ò gbẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní ń mọ.

Ní ti ìbátan ìyàwó Bọ̀dá mi tó ń gbé ọ̀rọ̀ yẹn, a ṣì ń kíra. Àmọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ pé “ẹ̀gbọ́n yín ní…”, mo máa ń ní kó dúró díẹ̀, kí n pe Bọ̀dá mi sórí ìlà, kó sọ ọ́ sétí àwa méjèèjì. Kì í ráyè.