Ẹ kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ẹ tó kọ́ búkà

Ọ̀nà tó ti Ìlọrin gba Ọmù-Àrán wọ Ẹ̀gbẹ̀, tó gba Ìsánlú, Mọ̀pà àti Kàbà já sí Ọbájànà àti Lọ́kọ́ja, kì í ṣe àwa Òkun, Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, nìkan ló ń rìn ín. Àwọn òyìnbó tó ń wá sí ilé ìwòsàn ìjọ ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ ń gbà á, àwọn ará Índíà àti Ṣáínà tó ń ṣiṣẹ́ símẹ́ǹtì ní Ọbájànà ń gbà á, àwọn tó fẹ́ gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja kí wọ́n lè wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núè ti pàdé náà ń gbà á. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ń kọjá láì ra nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Kì í ṣe pé ọjà wa ò dáa. Ẹni tí ìtọ̀ ń gbọ̀n kì í ronú oúnjẹ, kò sì síbi tó máa yà sí.

Ohun tí àwọn ará Japan kọ́kọ́ mójú tó nìyẹn. Lọ́dún 1993 ni ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí àwọn ibùsọ̀ ẹ̀bá ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní michi-no-eki. 103 ni wọ́n kọ́kọ́ forúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n ti lé ní 1,200 báyìí. Kí ibì kan tó lè jẹ́ orúkọ yìí, ó gbọ́dọ̀ ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ṣí tọ̀sántòru, kó sì níbi tí èèyàn ti lè béèrè ọ̀nà àti ohun tó wà ládùúgbò. Ní nǹkan bí ìdajì wọn, àwọn aláṣẹ ọ̀nà ló kọ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ wá kọ́ ilé ìtajà tì í.

Àlejò tó bá háyà mọ́tò ní Japan, tó fẹ́ dé abúlé tí rélùwéè ò dé, ibẹ̀ ló ń yà. Ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé kí ló fẹ́ rà. Ó ń rí máàpù, níbi púpọ̀ ó ń rí Wi-Fi ọ̀fẹ́, ó sì ń jẹ ohun tí kò ní rí níwájú: áísìkiriìmù tí wọ́n fi èso àdúgbò ṣe, ẹ̀fọ́ tí wọ́n já láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ibùsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ tiẹ̀ tí èèyàn lè lù sínú ìwé, àwọn kan sì ń ti ìkan dé ìkan nítorí àtikó òǹtẹ̀ jọ. Òǹtẹ̀ kan ò wọ́n. Ó wù mí kí ẹnì kan ní Kàbà gbẹ́ ọ̀kan.

Bí wọ́n ṣe ń tajà tún dáa gan-an. Àgbẹ̀ ló ń gbé ẹrù rẹ̀ wá láàárọ̀, òun náà ló ń dá iye tó máa tà á. Á tẹ orúkọ rẹ̀ àti iye owó sórí sítíkà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà. Ilé ìtajà ń bá a gbowó, ó sì ń yọ owó tiẹ̀, tó sábà máa ń tó náírà 15 sí 20 nínú 100 ká ní tiwa ni. Èyí tó bá ṣẹ́kù nírọ̀lẹ́, àgbẹ̀ á wá kó o. Níbi tiwa, mọ́tò ò tíì dúró tán tí èèyàn mẹ́wàá ti bo fèrèsé, tí oníkálukú ń pariwo iye tirẹ̀. Àlejò á rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ, á ní kí dẹ́rẹ́bà máa lọ. Páálí àti máákà lásán ló máa yanjú ẹ̀.

Àlejò ò sì mọ kóńgò. Ẹ wọn gàrí ní kílò kan sínú ọ̀rá, kí ẹ fi iná lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Kí oyin wà nínú ìgò kékeré tí ìdérí rẹ̀ le, torí ẹni tó máa wọ bàálù ò ní gbé èyí tó ń jò. Kọfí ńkọ́? Wọ́n ń gbìn ín ní agbègbè Kàbà, àwọn tó ń mu kọfí láràárọ̀ sì ń gba ibẹ̀ kọjá láì mọ̀. Ẹ yan án, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ kọ orúkọ ìlú sí i lára.

Ní Tomiura, ní ìpínlẹ̀ Chiba, èso tí wọ́n ń pè ní biwa ni wọ́n mọ ìlú náà mọ́. Èyí tó bá lábàwọ́n, tí ọjà ńlá ò gbà, ibùsọ̀ wọn ń fi ṣe jáàmù àti áísìkiriìmù. Ẹ wá wo ìdí igi kájú wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: kóró là ń ṣà, èso ń jẹrà nílẹ̀. Omi rẹ̀ ṣeé tà. Ẹ já èyí tó pọ́n lórí igi. Èyí tó bá ti sùn nílẹ̀ ti ń kan. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fún un, ẹ sẹ́ ẹ. Kó má baà máa fa ẹnu pọ̀, ẹ fi omi díẹ̀ se sítáàṣì gbágùúdá, gíráàmù 5 fún lítà kan omi èso, títí á fi ki. Tó bá tutù, ẹ pò ó mọ́ ọn, ẹ gbé e sínú fíríìjì tàbí kúlà oníyìnyín fún wákàtí 12. Láìsí yìnyín, ó máa di ọtí mọ́ yín lọ́wọ́. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹ rọra da èyí tó mọ́ lókè sọ́tọ̀, ẹ gbé e kaná títí á fi gbóná gan-an láìhó, kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gbígbóná. Ìkòkò irin á sọ ọ́ di dúdú. Síténìlẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ lò.

Ó kan ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fúnra rẹ̀. Omi ló ń ba èyí tó pọ̀ jù jẹ́. Èyí tí wọ́n ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì da omi sí ń gba lítà 2 sí 3 lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ní sísítáànì lè gba 9. Bọ́ọ̀sì èrò 18 kan, pẹ̀lú lítà kan fún ìfọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, á gba bíi lítà 72 lọ́nà àkọ́kọ́, 180 lọ́nà kejì. Tánkì lítà 1,000 á tipa bẹ́ẹ̀ tó bọ́ọ̀sì 13 tàbí bọ́ọ̀sì 5 péré. Ní ọyẹ́, tí kànga bá fà, èyí tí wọ́n ń da omi sí ni mo fara mọ́.

Ilẹ̀ wa kún fún àpáta. Kòtò sókawéè kì í lè jìn, nítorí náà ẹ gbẹ́ ẹ kó fẹ̀, kí ó sì jìnnà sí kànga ní mítà 30, ní apá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣe ìkan tí wọ́n ń jókòó lé àti ìkan tí wọ́n ń lóṣòó lé, torí ọ̀pọ̀ ará Ṣáínà àti Índíà fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń lóṣòó lé. Kẹ́tù omi fún ẹni tó ń ṣan ìdí, tíṣù fún ẹni tó ń nu, garawa onídèérí fún páàdì àwọn obìnrin, ìkọ́ tí wọ́n á fi báàgì kọ́, bóòtù tó ń tì dáadáa láti inú. Kọ́kọ́rọ́ ò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá tó ti lọ sọ́jà. Ẹni tó ń fọ ibẹ̀, ẹ máa san owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ látinú owó ọjà. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa bá wọn fọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, oṣù mẹ́ta ò ní pé kó tó máa rùn.

Ti Japan ń ṣí lóru. Tiwa ò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú bí àwọn ajínigbé ṣe ń dààmú ọ̀nà wọ̀nyí. Inú ìlú ni kó wà, nítòsí ibi tí èèyàn pọ̀ sí, kó sì tilẹ̀kùn ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Káàdì báńkì òkèèrè lè má ṣiṣẹ́ lórí POS, owó bébà ni àlejò lè mú wá, nítorí náà ẹ ní ṣéńjì nílẹ̀. Bọ́ọ̀dù tó ń júwe ibẹ̀, ẹ má rì í mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mọ́tò tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí ń gba mítà 22 kọjá ní sẹ́kọ́ńdì kan. Tí bọ́ọ̀dù bá ṣáájú ní mítà 300, dẹ́rẹ́bà á ní bíi sẹ́kọ́ńdì 13 láti kà á, kó sì rọra tẹ bíréèkì.