Jẹ̀díjẹ̀dí àti Ọ̀nà Èkó: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Aṣọ ni mo ń tà ní ọjà Gbági n'Íbàdàn, ọjà Balógun l'Ékòó ni mo ti ń rà á. Láti ìgbà tí mo ti bí ọmọ mi kejì ni jẹ̀díjẹ̀dí ti ń bá mi fínra. Àwọn nọ́ọ̀sì ní ó wọ́pọ̀ lára aláboyún àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ: ìwúwo oyún a máa tẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nídìí, wọ́n á wú, ìrọbí á sì tún kún un. N ò lè torí ìyẹn pa ìsọ̀ tì, torí náà mo kọ́ bí a ṣe ń gbé e rìn. Ohun tí mo sì rí ni pé láti ilé lèèyàn ti ń wá nǹkan ṣe sí jẹ̀díjẹ̀dí ìrìn àjò. Bó bá di gáréèjì, ó ti pẹ́.

Ẹ wo bí àwa obìnrin ṣe ń ṣe lọ́jọ́ tí a bá ń lọ sọ́jà. Látàárọ̀ a ò ní fomi kan ẹnu, kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wá lójú ọ̀nà. Bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n wá, a ó dì í mọ́ra títí a ó fi padà délé. Ìgbẹ́ tó bá sì pẹ́ nínú, ìfun á fa omi ara rẹ̀ tán, á wá le bí ekùrọ́. Ìgbà tí a bá wá fẹ́ yà á tipátipá lẹ̀jẹ̀ máa ń jáde. Nítorí náà, mo ń mu omi. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń mu ún, ṣùgbọ́n mo ń mu ún.

Kí ọkọ̀ tó gbéra ni mo ti ń bá dẹ́rẹ́bà sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ara mi ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Tí a bá dé ilé epo kan níwájú, ẹ bá mi dúró díẹ̀.” Ọ̀pọ̀ nínú wọn á ní, “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀.” Bí mo bá sì ti sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ẹ ó rí i tí ìdajì ọkọ̀ á tẹ̀ lé mi. Ṣé ẹ rí i pé gbogbo wa la ti ń dì í mọ́ra!

Ní Ìwó Road, ẹ ò tíì jókòó tán tí ìyá alágbo á fi yọ lójú fèrèsé ọkọ̀. “Jẹ̀díjẹ̀dí rèé o! Ọ̀pá ẹ̀yìn rèé! Àǹtí mi, ṣé kí n bù ú wá?” Ó ti ń mi ike rẹ̀, kọ́ọ̀bù kékeré ti wà lọ́wọ́ kejì. N ò bá àgbo jà, òun ni wọ́n fi tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n ọtí ni wọ́n fi ń rẹ ọ̀pọ̀ nínú ti gáréèjì, ọtí sì ń gbẹ omi ara. Òmíràn á tún fa ìgbẹ́ gbuuru, ẹ sì rò ó wò, ìgbẹ́ gbuuru nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Bẹ́ẹ́gà! “Ẹ ṣé, Màmá, ó dọjọ́ mìíràn” ni èsì mi.

Oúnjẹ ọjọ́ tó ṣáájú ṣe pàtàkì ju ti òwúrọ̀ lọ. Ẹ̀wà, tàbí àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú tó pọ̀ dáadáa, ìbẹ́pẹ tó pọ́n lálẹ́. (Ẹni tí ẹ̀wà bá ń fún nínú, kó yáa jẹ ẹ́ lọ́sàn-án.) Ẹ má kàn fa omi ọsàn mu kí ẹ tu háhá rẹ̀ dànù, háhá yẹn gan-an ló ń mú ìgbẹ́ rọ̀. Wọ́n á ní ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí; dókítà ní kì í ṣe ṣúgà. Àmọ́ búrẹ́dì funfun àti ẹlẹ́rìndòdò láti Ìbàdàn dé Èkó ò lè mú ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni rọ̀.

Mo máa ń tètè jí, kí n mu ẹ̀kọ gbígbóná, torí oúnjẹ gbígbóná láàárọ̀ máa ń jí ìfun. Lẹ́yìn náà ni mo ń lọ jókòó nílé ìgbẹ́, àpótí kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún lè ga, màá fi fóònù sílẹ̀ nínú yàrá. Bí kò bá wá láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ń dìde. Jíjókòó pẹ́ síbẹ̀ náà ń mú kó wú. Omi ni mo fi ń ṣan ìdí, ìdí nìyẹn tí búta kékeré fi wà nínú báàgì mi, pẹ̀lú aṣọ rírọ̀ tí mo fi ń tẹ ibẹ̀ gbẹ. Tíṣù gbígbẹ tí a fi ń ha ibẹ̀ ń bó o ni. Ìpara tí wọ́n kọ fún mi náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní n má lò ó kọjá ọ̀sẹ̀ kan láìpadà wá.

Bí mo bá sùn l'Ékòó, mo ń bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú baàfù, màá jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má da oògùn apakòkòrò bíi Dettol sí i o, yóò ta yín. Omi lásán tó.

Láti 2021 tí rélùwéè ti ń kó èrò láti Moníyà lọ sí Èbúté Mẹ́ta, òun ni mo yàn láàyò nígbà tí ìdí bá ń dùn mí. Kìlómítà 157 ni, ilé ìgbẹ́ wà nínú rẹ̀, èèyàn sì lè dìde rìn. Moníyà jìn sí àwa ará Challenge, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó sàn ju ìjókòó iwájú bọ́ọ̀sì tí ẹ́ńjìnnì ń gbóná lábẹ́ rẹ̀.

Ti ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ẹ má fúnra yín pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí. Jẹjẹrẹ ìfun náà ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, pàápàá bí ìgbẹ́ bá dúdú tàbí tí èèyàn ń rù láìnídìí. Ẹ lọ sí Adéọ̀yọ́, tàbí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín. Ọkùnrin ni dókítà tó yẹ̀ mí wò. Ó ní kí n fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó wọ ìbọ̀wọ́, kò pẹ́ rárá tó fi parí. Ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀: ọ̀pọ̀ wa ń rà á torí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni irin inú rẹ̀ máa ń mú ìgbẹ́ le.