Ọjọ́ Tí Odó Ti Àna Mi Mọ́ Ilé Ìdáná

Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ìyàwó mi tó bá mi sọ ọ́. Nígbà tí à ń wá ilé ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́ níbí, pálọ̀ ni mo gbájú mọ́. Pálọ̀ yẹn fẹ̀ débi pé ọmọdé lè gun kẹ̀kẹ́ yí po nínú rẹ̀. POP funfun wà lókè, iná búlúù sì yí i ká. Ìyàwó mi bi ájẹ́ǹtì pé, "Ilé ìdáná ńkọ́?" Ájẹ́ǹtì nawọ́ sí ilẹ̀kùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, ó ní, "Ó wà níbẹ̀ yẹn, mà, kò sí wàhálà." Ìyàwó mi ṣí i, ó wo inú rẹ̀, ó yíjú wò mí. Èmi ń wo iná búlúù.

Lẹ́yìn tí a ti sanwó ni mo tó fi tépù wọ̀n ọ́n. Ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1.5, gígùn rẹ̀ ò ju mítà 2.1 lọ. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sínú, kì í sì í ṣí tán, torí pé ẹsẹ̀ sílábù ti dúró dè é lọ́nà. Tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí, fìríìjì ò ní ṣeé ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ mú tòmátì, á kọ́kọ́ wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á fẹ̀yìn rìn lọ bá síǹkì, kó tó wá na ọwọ́ sí fìríìjì bí ẹni fẹ́ mú ẹja nínú ihò. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, orí ẹ̀rọ omi gan-an ni wọ́n fi sí. Sílíńdà gáàsì ò tiẹ̀ ráyè níbẹ̀, ìta ló ń gbé, rọ́bà rẹ̀ gba inú ògiri wọlé. Tọkọtaya ò lè jọ dáná níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra.

Nílé bàbá mi ní Òkè-Àró, ẹ̀yìnkùlé ni ilé ìdáná wà. Páànù lókè, ògiri mẹ́ta, ìkẹrin ò sí. Obìnrin mẹ́rin lè máa dáná níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ewúrẹ́ márùn-ún dúró máa wò wọ́n, àyè á sì tún ṣẹ́kù tí wọ́n máa jà sí.

Màmá ìyàwó mi wá láti Oǹdó láti wá wo àwọn ìbejì. A mú un yí gbogbo ilé ká. Nígbà tí a dé ibi tí mò ń wí yìí, ó yọjú wo inú, ó ní, "Ibi tí ẹ ń kó ẹrù sí mọ́ tónítóní. Ilé ìdáná ńkọ́?" Èmi àti ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Òkè-Àró, wá kí àna wa. Àna wá láti Oǹdó, àgbà ilé wá kí i, kí ni wọ́n tún fẹ́ jẹ tí kò ní jẹ́ iyán? Mo gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gúnyán jáde. Màmá wò ó títí, ó ní, "Ọkọ mi, iṣu lílọ̀ ni ìyẹn ń ṣe. Iyán ni mo ní mo fẹ́ gún." Ni ó bá ní kí wọ́n gbé odó òun wá. Mo gbàgbé láti sọ fún yín pé ó gbé odó tirẹ̀ bọ̀ láti Oǹdó nínú búùtù táásì, òun ti ọmọ odó rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá a ní gidi.

Òjò ń rọ̀ nígbà náà, ẹ̀yìnkùlé ò ṣeé lọ. Màmá ní kí wọ́n gbé e sí pálọ̀. Ibi tí mo ti tún jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn o. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, táìlì pálọ̀ máa fọ́." Màmá ò jà. Ó kàn gbé odó, ó di ilé ìdáná. Ìyàwó mi bọ́ síta fún un, torí pé ènìyàn méjì àti odó kan ò lè gba ibẹ̀, Màmá sì ti ilẹ̀kùn kó lè rí àyè gbé apá sókè.

Gbì, gbì, gbì. Ní pálọ̀, Bàbá Òkè-Àró ń mi orí sí i. "Ẹ gbọ́ bí obìnrin ṣe ń gúnyán," ó ní. Nígbà tó yá, ohùn yí padà: gbì, gbì, gbà! Gbì, gbì, gbà! Bàbá ní bí iyán ṣe ń dánmọ́rán nìyẹn. Irọ́ ni. Ilẹ̀kùn ni odó ń kàn.

Odó tí wọ́n gbé sórí ilẹ̀ erùpẹ̀ á jókòó. Èyí tí wọ́n bá gbé sórí táìlì á máa rìn. Bí Màmá ṣe ń gún un láti ẹ̀gbẹ́ síǹkì ni odó ń sún díẹ̀díẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, títí ìdí rẹ̀ fi kó sáàárín ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ sílábù. Gbogbo agbára tí Màmá sì ń lò láti mú kókó kúrò nínú iyán, ńṣe ló ń fi kan odó mọ́bẹ̀ bí ìṣó.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

Mo tì í. Ó ṣí ní ìwọ̀n ìka méjì. Mo fi èjìká tì í, ó ń há sí i. Màmá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbé odó kúrò, ṣùgbọ́n bó bá bẹ̀rẹ̀, orí rẹ̀ á kan fìríìjì, ibi kejì á sì kan síǹkì. Àna mi ni, ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wà lórí iná nínú lọ́hùn-ún, mo bá sáré gba inú òjò lọ pa gáàsì níta. Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣe tó dáa lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Mo pe àbúrò mi tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán ilé ní FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́. Mo ṣàlàyé. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ilé ìdáná kéré kọ́ ni wàhálà. Ní 1926, obìnrin kan tó ń jẹ́ Margarete Schütte-Lihotzky ya ilé ìdáná kan fún ìlú Frankfurt ní Jámánì. Ìbú rẹ̀ ò ju mítà 1.9 lọ, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 3.4. Wọ́n kọ́ ọ sínú ilé tó tó 10,000. Ó ti wo iye ẹsẹ̀ tí alásè máa gbé láti ìdí iná dé ìdí omi kó tó fa ìlà. Ilẹ̀kùn tó já sí pálọ̀ gan-an, fífà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, kì í ṣí sínú."

Mo ní, "Ṣé ó ro ti odó mọ́ ọn?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í gúnyán ní Frankfurt."

Mo pa fóònù. Káfíńtà dé láti ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Ó yẹ ilẹ̀kùn wò, ó ní ilẹ̀kùn tó bá ń ṣí sínú, inú náà ni irin tí wọ́n fi so ó máa ń wà, nítorí náà Màmá nìkan ló lè tú u. Ó ní àbí kí òun fọ́ ọ? Bó ṣe sọ "fọ́" báyìí ni ohùn láńlọ́ọ̀dù já bọ́ láti òkè pé, "Ilẹ̀kùn mi kọ́!"

Bàbá Òkè-Àró dìde ní tiẹ̀. Ó ní, "Iyán ń tutù lọ." Ó gba agboòrùn, ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn wọ àárín ògiri àti fẹ́ǹsì, títí ó fi dé ojú fèrèsé ilé ìdáná. Irin wà lójú fèrèsé náà, abọ́ ò lè kọjá. Màmá wá ń ṣù ú ní kékeré, ó ń fi láílọ́ọ̀nù wé e, ó ń nà án sóde. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ká má tíì sọ èyí tí kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú. Bàbá ń fẹnu fẹ́ ìka, agboòrùn ń yẹ̀ lórí rẹ̀, ó ń gba ọbẹ̀ nínú ife, ó sì ń kí àna rẹ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, iyán yìí ò ní kókó rárá. Bí ẹni lọ bẹ èèyàn wò lẹ́wọ̀n ló rí, àmọ́ ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ló ń bọ́ ẹni tó wà níta.

Ìgbà tí èmi náà fi máa tò sẹ́yìn Bàbá, ọmọ kan láti ilé kejì ti dé, ó mú abọ́ àti 500 náírà lọ́wọ́. Ó ní màmá òun ní kí wọ́n ta iyán fún òun. Kí n tó lanu, Màmá ti gba owó.

Nígbà tí gbogbo àwa ọkùnrin ti gbọ́n tán, a gbọ́ ohùn Màmá nínú lọ́hùn-ún: "Ẹ kúrò lẹ́nu ọ̀nà." Ó ti bu epo pupa sí ìdí odó yíká. Ó ki ọmọ odó bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó tì í lẹ́ẹ̀kan péré. Odó yọ̀ lọ bí ọṣẹ. Ilẹ̀kùn ṣí.

Mo sáré wọlé kí n lè bẹ̀ ẹ́. Mi ò rántí epo. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì lọ sẹ́yìn, mo sì fi àyà lélẹ̀ gbalaja níwájú àna mi, nínú bùbá funfun tí mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ tí mo lọ tọrọ ìyàwó gan-an, mi ò dọ̀bálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ó tó, ọkọ mi," Màmá ní. "Dìde."

Màmá ti padà sí Oǹdó. Odó wà níbí, ní pálọ̀, lábẹ́ iná búlúù, ìyàwó mi ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀. Lánàá, Màmá pè mí. Àyà mi já, mo rò pé ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ló fẹ́ sọ. Kò dárúkọ rẹ̀ rárá. Ó ní òun ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà, torí pé òun gbàgbé láti fún ọmọ yẹn ní ṣéńjì 100 náírà.