Kí Ẹ Tó Bá Ọ̀gá Yín Dúnàádúrà Ọjọ́ Mẹ́rin

"Ó ti rẹ̀ mí" ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bá wọlé tọ ọ̀gá lọ tí wọ́n bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ dípò márùn-ún. Òótọ́ ni o, àmọ́ ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan lọ̀rọ̀ yẹn sábà máa ń mú wá. Èmi ti mọ irú ọjọ́ mẹ́rin tí mò ń wá kí n tó jókòó níwájú ọ̀gá mi, torí oríṣi mẹ́ta ló wà.

Ẹ jẹ́ ká ní wákàtí 40 lẹ ń ṣe lọ́sẹ̀. Ẹ lè kó gbogbo rẹ̀ sínú ọjọ́ mẹ́rin, wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, kí owó oṣù má yẹ̀; òfin ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m ti fàyè gba èyí láti ọdún 2022. Ẹ lè ṣe wákàtí 32, kí ìdá kan nínú márùn-ún owó yín lọ. Ẹ sì lè dín wákàtí kù kí owó ṣì pé. Èyí ni iléeṣẹ́ 61 dán wò nílùú Ọba lọ́dún 2022. Nígbà tí oṣù mẹ́fà pé, 56 nínú wọn ló ní àwọn ṣì ń bá a lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni wọ́n fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ṣáájú ọ̀rọ̀ owó. Kíá ni wọ́n máa ń yọ owó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kì í dín ara rẹ̀ kù. Tí wọn ò bá gbé nǹkan kan kúrò lọ́rùn yín, iṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lẹ ó máa ṣe gba owó ọjọ́ mẹ́rin, òru lẹ ó sì máa fi parí rẹ̀. Inú máa ń bí mi tí mo bá rí ẹni tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún, tó tún ń dúpẹ́.

Torí náà, mo kọ gbogbo iṣẹ́ mi sílẹ̀: èyí tó jẹ́ pé èmi nìkan ló lè ṣe é, èyí tí ẹlòmíì lè gbà, àti àwọn ìpàdé tí mo kàn ń jókòó sí láìsí ẹni tó ń bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀gá mi wo ìwé náà títí, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé àwọn ìpàdé kan. Ó wá bi mí pé, "Ta ni yóò máa dá oníbàárà lóhùn lọ́jọ́ tí o ò bá sí?" Mo ti bá alábàáṣiṣẹ́ mi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo dárúkọ rẹ̀. Ìdáhùn yẹn gan-an ló mú un gbà pé ká dán an wò fóṣù mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kó wà lákọsílẹ̀, títí kan owó ìfẹ̀yìntì, iye ọjọ́ ìsinmi ọdọọdún, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí ọlidé bá bọ́ sọ́jọ́ tí ẹ kì í ṣiṣẹ́.

Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ béèrè ìdí. Nílùú Ọba, láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, òṣìṣẹ́ lè béèrè láti ọjọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù méjì. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ ò bá sí, ẹ bá ọ̀gá yín dá ọjọ́ tí ẹ ó tún jọ jókòó sọ ọ́, kí ẹ tó dìde níbẹ̀.